Ìkọ́ wo ló yẹ wágọ́nù rélùwéè kékeré, báwo la sì ṣe ń tú u láìfọwọ́ kàn án?

ỌmọMákùn, Ṣágámù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìkọ́ ló gbé mi dé.

Mo ti to ojú irin mi sórí pílàìwúùdù, iná sì ti ń dé gbogbo ibi. Ohun tí mò ń kọ́ ni ìlà tí kò sí rí, èyí tó yà kúrò ní Papalanto tó sì wọ Ṣágámù. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Abẹ́òkúta kọjá, kò yà sọ́dọ̀ wa. Èyí tí wọ́n ṣí ní 2021 náà, Abẹ́òkúta ló gbà, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Mọ́níyà. Ó máa ń dùn mí. Mo wá ní kí n fọwọ́ ara mi gbé rélùwéè wọ Rẹ́mọ. Ẹ̀ka méjì ló wà lára ìlà náà: ọ̀kan wọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, èkejì wọ ibi tí àwọn oníṣòwò Sábó á ti máa di obì gbàǹja ránṣẹ́ sókè Ọya.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ojú irin mi fẹ̀ ní mìlímítà 16.5, gbogbo ọkọ̀ mi ló sì ń rìn lórí rẹ̀, àmọ́ ibi mẹ́ta ni wọ́n ti wá. Àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi kó bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní irin ìdábùú kan níwájú, ìkọ́ sì yọ jáde lókè rẹ̀. Tension lock ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá ní ìkọ́ tó ká bí ìka ọwọ́. Àwọn ti Jámánì ní òrùka waya. Kò sí èyí tó fẹ́ mú èkejì rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ́ńjìnì ti wágọ́nù wọ ẹ̀ka sìmẹ́ńtì, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó padà lọ gbé òmíràn, kí n má sì na ọwọ́ sí i rárá. Kọ́nà tó há jù lórí ìlà náà jẹ́ mìlímítà 438 láti àárín rẹ̀. Ẹnu ẹ̀ka sìmẹ́ńtì gòkè díẹ̀. Ṣé kí n pa gbogbo ìkọ́ dà sí ẹyọ kan ni? Èwo ni? Àwọn ọmọ ẹbí á wálé fún Iléyá àti Ojúde Ọba, mo sì fẹ́ kí ó ti máa ṣiṣẹ́ dáadáa kí wọ́n tó dé.

Alàgbà_Mọ́lípà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìlà tó wọ Ṣágámù yẹn wù mí gan-an.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, to gbogbo ọkọ̀ rẹ sórí tábìlì, kí o pín wọn. Àwọn wo ni o máa ń tú nígbà gbogbo? Àwọn wo ni kò ní yà kúrò lára ẹlẹgbẹ́ wọn títí o fi máa kó wọn padà sínú páálí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ná owó ìkọ́ olówó ńlá sórí kóòṣì tí kò ní yà láéláé. Kóòṣì tó jọ ń rìn ní gbogbo ìgbà, waya líle tí a tẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì ti tó láàárín wọn. Ti iwájú pátápátá àti ti ẹ̀yìn pátápátá nìkan ló nílò ìkọ́ gidi.

Fún àwọn tí o máa tú, ìkọ́ tí wọ́n ń pè ní Kadee ni tèmi. Oregon ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwòrán ìkọ́ tí Eli Janney gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1873 ni wọ́n tẹ̀ lé. Kí ìkọ́ yẹn tó dé, òṣìṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà ní láti dúró sáàárín wágọ́nù méjì tó ń sún mọ́ra, kó fi ọwọ́ darí òrùka irin, kó sì ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló pàdánù ìka, àwọn mìíràn pàdánù ẹ̀mí. Ní 1893 ni ìjọba wọn ṣòfin pé kí wágọ́nù máa so ara wọn láìjẹ́ pé ènìyàn wọ àárín. Irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ ni rélùwéè Ṣáínà ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà la sì ti ra ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn lónìí. Tí o bá fi Kadee sí i, ìlà Ṣágámù rẹ á jọ èyí tí ojú wa ń rí.

Wo bí ti kékeré náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Waya tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ sísàlẹ̀ lára ìkọ́ kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú irin. Òòfà wà láàárín irin méjèèjì. Tí ìkọ́ méjì tó so pọ̀ bá dúró lókè òòfà, tí o sì sún ẹ́ńjìnì díẹ̀ kí ìkọ́ wọn dẹ̀, òòfà á fa waya kan sọ́tùn-ún, á fa èkejì sósì, ìkọ́ á sì là. O wá fa ẹ́ńjìnì kúrò díẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ni mo fẹ́ràn jù. Tí o bá tún ti ẹ́ńjìnì padà nígbà tí ìkọ́ wọn ṣì wà lókè òòfà, wọn kò ní mú ara wọn mọ́. Orí wọn á ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á kàn máa ti ara wọn lọ. O lè ti wágọ́nù yẹn dé ìdí ẹ̀ka pátápátá. Níbi tí o bá ti dúró, tí o sì fa ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ ni wágọ́nù máa wà. Òòfà ẹyọ kan lẹ́nu ẹ̀ka ti tó fún gbogbo gígùn ẹ̀ka náà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń fa ọkọ̀ lọ, ìkọ́ le gbagidi, òòfà kò lè tú u. Ìgbà tí ó bá dẹ̀ nìkan ni.

ÌyáOlùkọ́_Ìpẹru

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà tension lock díẹ̀, torí mo rí i pé wọ́n ti fẹ́ gbé e sọnù kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ iléèwé ló ń fi ọkọ̀ tèmi ṣeré lẹ́yìn ìwé. Ọmọdé kò mọ bí a ṣe ń rọra. Wọ́n á gbá wágọ́nù mọ́ wágọ́nù, wọ́n á gbé e sókè pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ lára, ìkọ́ yẹn kò sì ní ṣẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí Tri-ang ti gbé e jáde ní Ìlú Ọba, àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ṣì ń fi sára ọkọ̀ tuntun. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe: ìkọ́ ti èyí á gun irin ìdábùú ti èkejì, ti èkejì náà á gun tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń fà ni wọ́n á túbọ̀ di ara wọn mú. Tó bá dẹ̀, ohunkóhun tó bá ti ìrù kékeré abẹ́ ìkọ́ sókè á tú wọn. Ohun tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yẹn ni pèpéle rọ́bà tí a máa ń fi sáàárín ojú irin, tí sípíríǹgì gbé dúró. Hornby ń ṣe é, Peco náà ń ṣe é.

Ibi tó ti ń dààmú ènìyàn ni pé ìkọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ gbéra pọ̀. Ọ̀kan á gòkè, èkejì á há. Nítorí náà mo yọ ìkọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan lára wágọ́nù kọ̀ọ̀kan, mo fi irin ìdábùú nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Ìkọ́ ẹyọ kan ló kù láti gbé, ó sì ń gbéra dáadáa. Àmọ́ gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà títí láé. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá yí po tó sì padà wọ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kó má dán an wò, torí irin ìdábùú á pàdé irin ìdábùú.

Àbúrò mi, mo gbà pé kò rẹwà. Àlàfo tó máa ń wà láàárín wágọ́nù pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n o ti ní i lára èyí tó pọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ, o kò sì ní san kọ́bọ̀ lé e.

ỌmọMákùn, Ṣágámù

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ ṣé, Mà.

Mo yí àwọn ọkọ̀ náà dojú dé. Lábẹ́ àwọn tuntun, mo rí ihò onígun mẹ́rin kékeré kan, mo fa ìkọ́, ó sì yọ jáde nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Lára àwọn tó ti pẹ́, wọ́n kan ìkọ́ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ni, kò ṣe é fà yọ. Ṣé ihò yẹn ni wọ́n ń pè ní NEM?

Alàgbà_Mọ́lípà, Ìjẹ̀bú-Òde

Òun ni. Ìlànà tí àwọn oní rélùwéè kékeré Yúróòpù fi ẹnu kò lé lórí ni NEM, nọ́ńbà ti ihò yẹn fún ìwọ̀n tìrẹ ni 362. Àǹfààní rẹ̀ ni pé o lè fa irú ìkọ́ kan yọ kí o ki irú mìíràn bọ̀ ọ́, kò gba ayùn, kò gba gúlúù. Kadee ṣe mẹ́rin tó bá ihò náà mu, nọ́ńbà 17, 18, 19 àti 20. Ọ̀kan náà ni orí gbogbo wọn, ọrùn ló yàtọ̀: 17 ló kúrú jù, 20 ló gùn jù. Má ṣe fojú díwọ̀n èyí tí o máa lò. Fi 17 sí wágọ́nù méjì, tì wọ́n gba kọ́nà 438 rẹ, kí o tẹjú mọ́ búfà wọn, ìyẹn irin roboto tó yọ jáde ní iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Tí búfà bá kan búfà, wọ́n á gbé ara wọn kúrò lójú irin. Gòkè lọ sí 18. Èyí tó kúrú jù tí kò jẹ́ kí búfà kanra ni tìrẹ.

Fún àwọn tí kò ní ihò, nọ́ńbà 5 tó ní àpótí tirẹ̀ ni o máa lò. O máa gé ìkọ́ àtijọ́ kúrò, kí o fi ìdè kékeré de àpótí náà mọ́ abẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ gíga ló wá kù, òun ni kí o mú ní pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lọ. Àárín orí ìkọ́ gbọ́dọ̀ ga tó mìlímítà 9.9 láti orí irin. Kadee ń ta ohun ìwọ̀n kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 205, orí ojú irin ni a máa ń gbé e lé, a ó sì ti wágọ́nù lọ bá a. Tí ìkọ́ wágọ́nù bá ga ju tirẹ̀ tàbí tó rẹlẹ̀, ojú rẹ á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Rà á. Tí owó bá kù fún ohun kan ṣoṣo, òun ni kí o kọ́kọ́ rà kí o tó ra òòfà. Àwọn kan nínú wágọ́nù Lọ́ńdọ̀nù ní ihò NEM lóòótọ́, àmọ́ wọ́n gbé e síbi tó ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù. Ìkọ́ tó bá ga ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó lè mú un lórí tábìlì, àmọ́ tó bá dé ibi tí ojú irin gbé gòkè díẹ̀, á yọ. Ìdajì ọkọ̀ á dúró lẹ́yìn.

Waya ìsàlẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kan irin. Jẹ́ kó fi nǹkan bíi mìlímítà 0.8 jìnnà sí orí irin. Tó bá rẹlẹ̀, á máa kọ́ oríta irin. Tó bá ga jù, òòfà kò ní rí i fà. Púláyà kékeré lo máa fi tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀.

Ẹlẹ́rọ_ÀgọÌwòyè

Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ ìkọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òòfà kún un, torí iṣẹ́ rédíò àti tẹlifísọ̀n ni mò ń ṣe, òòfà sì kún ṣọ́ọ̀bù mi.

Ènìyàn máa rò pé òòfà ẹ̀yìn sípíkà á ṣe é. Kò lè ṣe é. Òòfà sípíkà rí roboto, orí àti ìdí rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, àárín ló máa fa waya méjèèjì sí. Ohun tí Kadee sì nílò ni kí waya kan lọ sí ọ̀tún, kí èkejì lọ sí òsì. Tí o kò bá rí ti Kadee rà, wá àwọn òòfà pẹlẹbẹ kékeré tó lágbára, irú èyí tó wà nínú tẹ́tí-gbọ́ fóònù. Tò wọ́n sí ọ̀wọ́ méjì, ọ̀wọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ọ̀tún, ọ̀wọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin òsì. Kí ojú òkè ọ̀wọ́ kan jẹ́ àríwá, kí ojú òkè ọ̀wọ́ kejì jẹ́ gúúsù. Tí o bá to gbogbo wọn sí ojú kan náà, kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ wo ọ̀pá tó gba àárín táyà méjèèjì náà. Tó bá jẹ́ irin, òòfà á máa fa wágọ́nù fúnra rẹ̀. O máa tú wágọ́nù tán, o máa rò pé ó ti dúró, á sì máa yọ́ lọ jẹ́jẹ́ títí tí táyà rẹ̀ fi máa wà lórí òòfà gan-an. Mú òòfà kékeré kan lọ́wọ́, gbé e súnmọ́ ọ̀pá táyà kọ̀ọ̀kan kí o tó fi ọkọ̀ sórí ìlà. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, idẹ ni kí o fi pààrọ̀ rẹ̀. Tí o kò bá rí idẹ, má fi wágọ́nù náà síbi tí òòfà wà.

Ìwúwo náà ńkọ́? Wágọ́nù tó bá fúyẹ́ jù, ìkọ́ kò ní mú un. Á kàn máa sá fún ẹ́ńjìnì lọ ni, bó ṣe ń tì í ló ń lọ. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn oní rélùwéè kékeré Amẹ́ríkà fún ìwọ̀n HO, ìyẹn irú tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ní 16.5 bíi tìrẹ, ni gíráàmù 28 lákọ̀ọ́kọ́, kí a wá fi gíráàmù 14 kún un lórí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí wágọ́nù fi gùn. Wágọ́nù tó gùn tó ínǹṣì mẹ́fà á wọn nǹkan bíi gíráàmù 112. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bálánsì táyà mọ́tò, bẹ̀ wọ́n fún òjé tí wọ́n ti tú sílẹ̀. Gé e, lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú wágọ́nù sìmẹ́ńtì rẹ, sórí ibi tí táyà wà gan-an. Fọ ọwọ́ rẹ lẹ́yìn rẹ̀ o.

Òòfà oníná náà wà, bọ́tìnnì lo máa tẹ̀ kó tó fa nǹkan. Ó dára lójú ìlà ńlá, torí tí o kò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí òòfà níbẹ̀, ọkọ̀ kò lè já lójijì. Àmọ́ ó ń jẹ iná, ó sì ń gbóná tí a bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ní ibi tí a wà yìí tí iná ń lọ tó ń bọ̀, fífi í sórí bátìrì inverter ló dára jù.

Gìtá_ÌjẹbúIgbó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi kì í ra ìkọ́. Okùn gìtá ni mo fi ń ṣe tèmi.

Okùn àkọ́kọ́ lórí gìtá, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, irin tó ní agbára sípíríǹgì ni. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í ju okùn tó bá já nù, mo máa ń kó wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ kó gba abẹ́ wágọ́nù kọjá, ìkọ́ kékeré sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Tí wágọ́nù méjì bá pàdé, ìkọ́ méjèèjì á yọ̀ kọjá ara wọn, wọ́n á sì kọ́ra. Mo jó ègé irin kékeré kan mọ́ ọn kó rọ̀ sísàlẹ̀, tí òòfà oníná abẹ́ ojú irin bá fa irin náà, okùn á tẹ̀ sílẹ̀, wágọ́nù á sì bọ́. Tí ẹ bá dúró ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, ẹ kò ní rí ìkọ́ kankan. Á kàn dà bíi pé wágọ́nù ń tẹ̀ lé ara wọn.

Ọ̀tá rẹ̀ ni ìpata. Nígbà òjò, òógùn ọwọ́ tó kàn án lásán ti tó láti bà á jẹ́. Mo máa ń fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì ń nù ún gbẹ.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́_Manchester

Ẹ̀gbọ́n Gìtá, inú mi dùn láti ka èyí! Ní ìlú tí mo wà yìí gan-an ni irú ìkọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Alex Jackson ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹni tó ṣe é nínú ẹgbẹ́ rélùwéè kékeré Manchester ni, okùn gìtá náà ni wọ́n sì ń fi ṣe é. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ níbí ni pé kí a ṣe pákó kékeré kan tí a kan ìṣó sí, kí a máa yí okùn po ara ìṣó wọ̀nyẹn, kí ìkọ́ kẹwàá lè bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ẹni tó bá ń fi ojú lásán tẹ̀ ẹ́, wọn kò ní bára mu.

Ẹ̀gbọ́n ỌmọMákùn, àwọn kan níbí ń lo ṣéènì oníhò mẹ́ta, bíi ti wágọ́nù àtijọ́ gan-an. Ó rẹwà ju gbogbo wọn lọ. Àmọ́ ènìyàn ní láti tẹ̀ ba pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti waya tó tẹ̀ lẹ́nu, kó wá ihò ṣéènì nínú òkùnkùn àárín wágọ́nù méjì. Ní kọ́nà 438, búfà á há mọ́ búfà, ọkọ̀ á sì wó. Kò bá ìlà yín mu.

Ti oníkọ̀ǹpútà náà wà: àwọn ẹ́ńjìnì kan láti Yúróòpù, bíi ti Roco, ní ìkọ́ tó ń gbéra fúnra rẹ̀ tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì lọ́wọ́. Ibikíbi lórí ìlà ló ti ń tú. Ṣùgbọ́n ara ẹ́ńjìnì nìkan ló wà, kò lè ya wágọ́nù kúrò lára wágọ́nù.

Ohun kan tún wà tó ń ṣe mí ní kàyéfì dáadáa. Rélùwéè àtijọ́ wa fẹ̀ ní mìlímítà 1,067. Lórí ojú irin 16.5, ìwọ̀n tó bá a mu jẹ́ ẹyọ kan nínú 64, ó sì tóbi ju HO lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìlà 1901 kó péye lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ló yẹ kó wò.

ÌyáOlùkọ́_Ìpẹru

Gbogbo ọ̀rọ̀ òòfà yìí dára, mo sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ igi sùyà.

Mo ń sọ òótọ́ o. Igi tí àwọn onísùyà fi ń gún ẹran, kí o fọ ọ̀kan mọ́, kí o gé orí rẹ̀ kó mú díẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dúró tí ìkọ́ Kadee sì dẹ̀, ki ẹnu igi náà bọ àárín ìkọ́ méjèèjì láti òkè, kí o yí i bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á là. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa lókè òkun náà ń lo igi oparun tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ irin inú ọ̀pá táyà, kò sí ọ̀rọ̀ òòfà tó wà níbi tí kò yẹ. Ibi tí o bá fẹ́ kí wágọ́nù dúró sí lo ti máa tú u.

Ìlà tí ọwọ́ ènìyàn dé gbogbo ibi lórí rẹ̀, mo gbà gbọ́ pé igi yẹn dára ju òòfà lọ. Òòfà wà fún ibi tí ọwọ́ kò dé, tàbí ibi tí ilé àti igi tí o gbìn sórí ìlà á ṣubú tí o bá na ọwọ́ sí i.

Alàgbà_Mọ́lípà, Ìjẹ̀bú-Òde

Òótọ́ ni ìyá sọ, igi ni èmi náà ń lò lórí ìdajì ìlà mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ọyẹ́ á kó eruku wọ inú ìkọ́ Kadee, kò ní lè yí padà mọ́. Ẹ má fi òróró sí i, òróró á mú eruku ṣinṣin ni. Ẹ fi bíléèdì ha inú pẹ́ńsù 2B, ẹ bu ìyẹ̀fun dúdú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí ìkọ́ ti ń yí.

ỌmọMákùn, Ṣágámù

Ẹ ṣé púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti to àwọn ọkọ̀ sórí tábìlì bí Bàbá ṣe wí, èyí sì ni ibi tí mo fẹnu kò sí.

Àwọn wágọ́nù ti Jámánì, epo ni wọ́n ń gbé, wọn kò ní yà. Waya tí mo tẹ̀ ni mo fi so wọ́n pọ̀ nínú, Kadee á wà ní orí àti ìdí. Àwọn ti Amẹ́ríkà wà bí wọ́n ṣe wà torí ìkọ́ wọn jọ ti Kadee, gíga wọn nìkan ni mo máa yẹ̀ wò. Nínú àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ní ihò NEM á gba Kadee, torí àwọn ló máa ń wọ ẹ̀ka sìmẹ́ńtì àti ẹ̀ka obì. Àwọn tí wọ́n kan ìkọ́ mọ́, mi ò fẹ́ gé wọn. Mo fẹ́ mú wágọ́nù kan, kí n fi Kadee sí iwájú rẹ̀, kí n fi tension lock sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó lè máa fa àwọn yòókù pọ̀. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi wá nọ́ńbà 205.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ibo gan-an ni kí n fi òòfà sí lẹ́nu ẹ̀ka sìmẹ́ńtì? Ẹ rántí pé ibẹ̀ gòkè díẹ̀, oríta irin sì wà níbẹ̀.

Ẹlẹ́rọ_ÀgọÌwòyè

Má fi sórí òkè yẹn rárá. Wágọ́nù tó bá já lórí òkè á ṣàn padà wá bá ẹ́ńjìnì, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ náà á máa dẹ̀ fúnra wọn, òòfà á sì tú wọn nígbà tí o kò rán an. Jẹ́ kí ọkọ̀ gun òkè tán, kó dé ibi pẹlẹbẹ, kó sì kúrò lórí oríta irin pátápátá. Ojú irin ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gún gbọọrọ. Níbi tó rọ́, orí ìkọ́ máa ń yà kúrò láàárín, waya á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òòfà. Lo wágọ́nù tó gùn jù láti wọ̀n ọ́n: kí ojú irin gígún tó gígùn rẹ̀ ṣáájú òòfà, kó sì tó o lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀ka obì ńkọ́, ṣé etí pákó ló wà? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, igi sùyà ìyá ti tó níbẹ̀. Má ṣe fi òòfà tí kì í ṣe oníná sójú ìlà ńlá.

Kí o tó fi gúlúù sí nǹkankan, fi sẹ́lótéèpù lẹ òòfà náà mọ́ ojú irin. Mú wágọ́nù kọ̀ọ̀kan kọjá lórí rẹ̀, èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́, nígbà tí ẹ́ńjìnì ń fà àti nígbà tó ń tì. Sún òòfà síwájú tàbí sẹ́yìn títí wọ́n á fi máa tú síbì kan náà. Fi pẹ́ńsù sàmì sí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí ojú rẹ lè mọ ibi tí ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ dúró.

ỌmọMákùn, Ṣágámù

Etí pákó ni o. Mo ń lọ ra sẹ́lótéèpù.